Etí La Fi Ń Wo Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ kí n nu ojú mi ná. Kì í ṣe ẹkún, ojú àgbà a máa ṣomi bí wọ́n bá na fóònù sún mọ́ ọn jù. Kúdí ló fa èyí, ọmọ Síkírá. Lánàá tí a ń pín ẹran Iléyá, mo kàn yọ ọ́ sọ pé eré kan wà tí a máa ń wò nígbà tí mo wà ní kékeré, eré àwọn ọmọ ilé-ìwé kan tó wà létí òkun. Kí n tó fọ ọ̀rá ẹran kúrò lọ́wọ́, ó ti fi ìka wá a jáde. Láti ọdún gbọọrọ yìí, mo ti gbà pé eré yẹn ti bá àwọn tó bá mi wò ó lọ, àṣé inú àpò yín ló wà. Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ayé yín ti yí ìyẹn náà padà o. Ẹ̀yin lẹ ni aṣọ, ẹ̀yin náà lẹ tún ń bá wa kó àkísà wa pamọ́.

Ó dáa. Ẹ jókòó. Kúdí ti mọ ìdí tí mo fi dákẹ́ lánàá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó kù kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ ò mọ Sabon Zongo, àdúgbò wa ní Accra ìgbà yẹn. Ní àdúgbò Madina tí a wà yìí, kálukú ló ti ilẹ̀kùn mọ́ra, iná fóònù ń tàn sí i lójú bí ẹni ń yáná. Tiwa, agbo ilé kan ni, àgbàlá kan, ẹnu ọ̀nà kan, àti igi dóńgóyárò kan tí gbogbo wa ń du abẹ́ rẹ̀. Bàbá wa àgbà tó ti Ọ̀fà wá ló kọ́ ọ. Ó kú, ó fi í sílẹ̀ fún Màámi, ìyá ìyá mi, àti fún àwọn ọmọ wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, Bàbá Síkírá tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ni olórí ilé. Àgádágodo àti ìṣó ló ń tà ní ọjà Makola, ó sì tún ní ìsọ̀ kékeré kan ní ìlú Tema. Jímọ̀ ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Màámi nìkan ló láyà láti pè é bẹ́ẹ̀. Síkírá ni àkọ́bí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì já lẹ́nu ọmú, Màámi ló tọ́ ọ. Ó jù mí lọ díẹ̀, orí ẹní kan náà la sì ń sùn.

Bí mo bá di ojú báyìí, ìró ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Ìpè ìrun àsùbáà á kọ́kọ́ wá, ìró ìgbálẹ̀ á tẹ̀ lé e, ṣáà, ṣáà, láti ìdí dóńgóyárò dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá oníkókó tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná á kọjá, ọmọ rẹ̀ á máa kan ìgò ṣúgà. Lójú títì, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ trotro á ti máa ké “Kaneshie, Kaneshie, Kaneshie” títí ọ̀rọ̀ náà á fi dà bí orin. Ìyá mi á máa gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò fi din kelewele ní ìrọ̀lẹ́, òórùn atalẹ̀ á ti gba gbogbo ilé. Mo ti gbé ibi tó ju mẹ́ta lọ ní Accra lẹ́yìn ìgbà náà, oorun ibẹ̀ ò dùn tó ti orí ẹní yẹn.

Ìró tí a ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ retí ni ti àgádágodo tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n wa ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn méjì bí àpótí aṣọ. Bàbá fi àgádágodo tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ṣòkòtò. Ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun alásárì ló máa ń ṣí i, wọ́n á sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí gbogbo ilé lè rí i. Bí wọ́n bá tan án, á kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni ń ronú. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣíììì bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú òróró, òjò funfun á sì máa rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan á sáré lọ di ọ̀pá èríà mú lẹ́yìn ilé.

“Yí i!”

“Ó ti kọjá! Dá a padà!”

“Ó dáa níbẹ̀! Má mira! Má mí rárá!”

Lọ́jọ́ kan, Ràfíù, ọmọ àbúrò Bàbá, ló di ọ̀pá mú, ó sín, etí òkun sì parẹ́ mọ́ wa lójú níbi tó ti dùn jù. Ìyá rẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ bú u. Títí di òní tí Ràfíù ti di bàbá àwọn ọmọ, bó bá sín láàárín wa, ẹnì kan á pariwo pé, “Wò ó, o ti bà á jẹ́!”

Eré náà, ti òyìnbó ni, láti ìlú tí a kò mọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n ń jà, wọ́n ń parí ìjà, òkun wà lẹ́yìn wọn nígbà gbogbo. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ, imú ló ń gbà jáde, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú ilé wa, Síkírá nìkan ló lè lé e bá. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, Màámi á ní, “Kí ni wọ́n wí?” Síkírá tó jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ á yíjú sí wa, á ṣe ohùn ọkùnrin, á ṣe ohùn obìnrin, á sọ ọ́ ní Yorùbá Ọ̀fà ketekete. Òun là ń wò. Etí la fi ń wo tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ yìí. Àwòrán kàn wà níbẹ̀ láti bá Síkírá ṣe ẹlẹ́rìí ni.

Bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí yẹn kì í fi gbogbo ìgbà bá a mu o. Ọmọ òyìnbó á já wọlé, á ju àpò sílẹ̀, kò ní kí ìyá rẹ̀, kò ní kí bàbá rẹ̀. Màámi kò lè gba irú ìyẹn. Nítorí náà Síkírá á ní, “Ó ní ẹ káàsán mà, ẹ kú iṣẹ́ mà, ó ní òun ti dé.” Màámi á mi orí, á ní, “Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.” Ọmọ náà á ti wọ yàrá lọ tipẹ́, á ti fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn gbàmù.

Àwọn ìyàwó ilé wa ló wá sọ àwọn ọmọ náà lórúkọ. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó ní láti fún un ní tirẹ̀. Ìyá Ràfíù ní ẹni tó bá ti inú àpótí olórí ilé jáde, ọmọ ilé ni, òun ò lè fẹnu òun pe orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀kan tó ga ṣe di Agùntáṣọọ́lò nìyẹn. Èyí tó ní awò lójú di Akọ̀wé. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo wa fẹ́ràn, Ìyá Ràfíù wò ó títí, ó ní, “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, tó bá ṣubú, kò ní fọ́.” Lánàá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí orúkọ tó ń jẹ́ gan-an nínú fóònù Kúdí. Mo kà á, kò dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ohun kan ṣoṣo tí a ń jowú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fún ni irun. Irun rẹ̀ gùn dé ìdí, ó sì ń lọ sí ilé-ìwé! Àwa kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ yúnífọ́ọ̀mù ní ìlú yìí mọ̀ ọ́n, ọmọbìnrin tó bá ń lọ sí ilé-ìwé, wọ́n á gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní tiwa, ọjọ́ Sọ́ńdè ni. Màámi á gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ dóńgóyárò, á mú àlùmọ́gàjí, a ó tò sí iwájú rẹ̀. Kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, irun á máa já lé wa léjìká, ewé dóńgóyárò á máa já lé e. A máa ń sunkún nígbà mìíràn pé a rí bí ọkùnrin. A kò mọ̀ pé orí tí wọ́n gé yẹn, orí tí wọ́n ṣì ń rán ní ilé-ìwé ni. Ọmọbìnrin tí ẹ bá ti rí tí irun rẹ̀ hù ní àdúgbò, ẹ kò nílò láti bi í. Ó ti kúrò ní ilé-ìwé nìyẹn.

Sọ́ńdè kan wá tó kan Síkírá. Ó ku díẹ̀ kó parí kíláàsì tó wà, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì ti ń sọ nípa ilé-ìwé girama tó máa tẹ̀ lé e. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó tẹ orí ba. Màámi ti gbé àlùmọ́gàjí sókè nígbà tí Bàbá jáde láti yàrá rẹ̀, tó ń so okùn ṣòkòtò.

“Màámi, ẹ má gé tirẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“Ẹ jẹ́ kó hù. Ẹni tó ń bá mi ṣọ́ ìsọ̀ Tema fẹ́ padà sílé. Bí ọmọ yìí bá ti parí kíláàsì rẹ̀ yìí, Tema ló ń lọ. Ó ti mọ ìwé tó tó.”

Màámi gbé àlùmọ́gàjí sórí itan rẹ̀. Ó ní, “Ẹlòmíràn,” èmi ni mo sì bọ́ síwájú. Mo rí ẹsẹ̀ Síkírá tó ń lọ, mi ò rí ojú rẹ̀.

Ẹ má rò pé Bàbá burú. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olórí ilé ni, gbogbo àgbàlá ló sì gbọ́ ọ. Bí irú rẹ̀ bá ti jáde lẹ́nu ọkùnrin báyẹn níwájú ìyàwó àbúrò àti àwọn ọmọ, gbígbé e mì á ṣòro fún un. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé yẹn. Ìyá mi náà wà ní ilé-ìwé nígbà tí ìjọba ayé ọjọ́un ní kí àlejò kó ẹrù wọn kúrò ní Ghana. Wọ́n kó lọ sí Ọ̀fà. Nígbà tí wọ́n padà wá, irun rẹ̀ ti hù, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ̀rọ̀ ilé-ìwé mọ́. Kelewele ló ń din títí ó fi kú. Ó máa ń mú ìwé ìròyìn tó fẹ́ fi di í fún oníbàárà, á kọ́kọ́ wò ó bí ẹni ń wá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, kó tó ká a.

Nítorí náà a ò sọ nǹkan kan. Inú bí mi sí Màámi. Mo ní lọ́kàn mi pé ìyá àgbà wo ló ń wò báyìí, kí wọ́n máa mú ọmọ tó tọ́ lọ? Irun Síkírá bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ní Sátidé kìíní, ó dúdú lórí bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti ń yọ etí. Ó sì tún ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ń túmọ̀ fún wa, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Èmi nìkan ni mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí lórí ẹní.

Ìgbà yẹn ni àkókò ìdákẹ́jẹ́ bọ́ sí. Ẹ ṣì ń rí i lọ́dọọdún. Kí àwọn Gá, onílẹ̀ Accra, tó ṣe ọdún Hómowò wọn, wọ́n á ní kí Accra dákẹ́ ná, kí ìlù má dún, kí ilẹ̀ lè sinmi. Ní tiwa ìgbà náà, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ìrọ̀lẹ́ á rọ̀, ẹ ó gbọ́ bí ẹja ṣe ń dín ní ilé kejì. Ní Sátidé àkọ́kọ́, Màámi ní kí wọ́n rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀.

Àǹtí Korkor, obìnrin Gá tó ń ta ẹ̀kọ kẹ́nkẹ́ níwájú ilé wa, tó gbọ́ Yorùbá ọjà dáadáa, tó sì ń pe àwa Yorùbá ní Alátà bí gbogbo Ghana, bú sẹ́rìn-ín. “Màmá Alátà, ìlù ni wọ́n ní ká má lù o! Ta ló ní ká má wo TV?”

“Ilẹ̀ onílẹ̀ ni,” Màámi dá a lóhùn. “Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Síkírá, ìwọ náà, rọra sọ ọ́.”

Bí ẹ ṣe ń wò mí yìí, ẹ ò tíì mọ ohun tí ìyẹn ṣe. Bàbá kì í bá wa wo eré náà. Eré ọmọdé ni, ó ní. Inú yàrá rẹ̀ ló máa ń wà, lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí yóò máa nu àgádágodo ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ìkélé kì í dí etí. A mọ̀ pé ó ń gbọ́, nítorí bí Akọ̀wé bá sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín, aṣọ ìkélé náà á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Síkírá wá ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ìyà jẹ ẹni tó wà lẹ́yìn ìkélé. Ní Sátidé kìíní, a rí ìdajì orí rẹ̀. Ní èkejì, ó gbé àga wá sí ẹnu ọ̀nà, ó ní inú yàrá móoru. Kó tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá ti wà láàárín wa lórí bẹ́ńṣì, ọrùn rẹ̀ ti gùn jáde, ó sì ń ti Ràfíù sẹ́yìn.

Àárín àkókò yẹn ni ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó jókòó sórí àga gbọọrọ kan, òkun wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sunkún. Ọkùnrin onítáì kan dúró tì í. Síkírá la ẹnu, ó tún pa á dé. Màámi na ọrùn sí i, ó sọ nǹkan sí i létí. Mo rò pé ó ní kó gbé ohùn sókè díẹ̀ ni. Síkírá wá yíjú sí wa.

“Bàbá rẹ̀ nìyẹn,” ó wí. “Ó ní kò gbọ́dọ̀ lọ sí ilé-ìwé mọ́.”

Àgbàlá náà mí sókè lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Ràfíù káwọ́ lérí. “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi!”

Láti ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ ni a ń bá ọmọ yẹn jẹ̀yà. A ń rí ọkùnrin onítáì yìí, a ń fi í ré. Àǹtí Korkor á na ọwọ́ oníkẹ́nkẹ́ rẹ̀ sí ojú ẹ̀rọ, á ṣépè fún un ní Gá. Síkírá ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọmọ náà bẹ bàbá rẹ̀, pé ó ní òun á ṣe iṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé, pé ó ní kí bàbá òun ṣáà jẹ́ kí òun parí. Ohùn rẹ̀ kò wárìrì. Àwa là ń sunkún.

Sátidé kan, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀ lórí iyanrìn. Mo rí ìyẹn fúnra mi, òótọ́ ni, ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin onítáì gbọn orí. Síkírá ní, “Ó ní ọ̀rọ̀ òun ti jáde, òun ò lè gbé e mì.”

Bàbá dìde fùú láti orí bẹ́ńṣì.

“Irú bàbá wo nìyẹn?” Ó ti gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ àwọn Gá. “Ọmọ tó mọ̀wé tó báyìí! Ọmọ tó ń bẹ ọ́ báyìí! Ọ̀rọ̀ tó jáde, ṣé Kùránì ni? Gbé e mì! Gbé e mì, ìwọ aláìláàánú!”

Tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń ṣe ṣíììì rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ yíjú, bóyá Ìyá Ràfíù ni, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú kan gbogbo àgbàlá ni kò wo ẹ̀rọ mọ́. Orí Síkírá là ń wò, irun tó ti hù bo etí rẹ̀. Bàbá wo ibi tí a ń wò. Ó wò ó pẹ́. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Lọ́jọ́ yẹn a ò sọ àbọ̀ gan-an. Bàbá wọ yàrá rẹ̀ lọ, aṣọ ìkélé sì bò ó.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, a tò sábẹ́ dóńgóyárò. Síkírá kò sí nínú wa, ó ń fọ abọ́. Bàbá jáde, ó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ Màámi, ó wò ó, ó ní kò mú tó. Ó padà wọlé, ó mú tuntun wá nínú ọjà rẹ̀, ó gbé e lé Màámi lọ́wọ́.

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Síkírá,” ó wí. “Irun ti bo ọmọ yìí lójú.”

Síkírá wá pẹ̀lú ọṣẹ lápá, ó jókòó, ó tẹ orí ba. Kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Mo ti gbọ́ orin, mo ti gbọ́ wákà, mo ti gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun tí mo bí fúnra mi. Mi ò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó àlùmọ́gàjí yẹn.

Ọdún Hómowò dé, ìlù dún, Àǹtí Korkor gbé kpokpoi, oúnjẹ àgbàdo ọdún wọn, àti ọbẹ̀ ẹyìn ẹlẹ́ja wá fún wa nínú abọ́ ńlá, gbogbo wa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìsọ̀ Tema, Bàbá yá a fún ẹlòmíràn. Síkírá lọ sí ilé-ìwé girama, ó di nọ́ọ̀sì, Tema náà ló sì padà ń gbé, nínú aṣọ funfun. Orí ọ̀nà tó là sílẹ̀ yẹn ni mo gbà kọjá. Nígbà tí Bàbá darúgbó, bí àlejò bá yin ọmọ rẹ̀, á gbé àyà sókè, á ní, “Mo dúpẹ́ pé mi ò ṣe bí bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.” Àlejò á wò ó, kò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọlọ́run mú Màámi lọ, ó mú ìyá mi lọ, ó mú Bàbá lọ. Wọ́n ta ilé. Wọ́n gé dóńgóyárò. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn gíláàsì, mi ò sì lè tọ́ka sí ibi tí a ti ń jókòó.

Lánàá ni Kúdí wá gbé etí òkun náà lé mi lọ́wọ́. Àwọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀! Mi ò mọ̀ pé òkun wọn búlúù tó bẹ́ẹ̀. Mo wá ibi tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń sunkún títí mo fi rí i. Gẹ̀ẹ́sì tí Síkírá nìkan ń gbọ́ nígbà náà, èmi náà ń gbọ́ ọ báyìí. Ẹ̀yin ọmọ, ológbò rẹ̀ ló sọnù. Ológbò! Ọkùnrin onítáì yẹn, olùkọ́ rẹ̀ ni, ó ń bá a wá a. Lọ́jọ́ tó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó ń yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ ojú omi bóyá ó wà níbẹ̀. Kò sí bàbá kankan níbẹ̀. Ó sì wọ yúnífọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gbé àpò ìwé kọ́rùn, ojú gbogbo wa sì là sílẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìhà mú. Mo ní kí Kúdí bá mi pe ìyá rẹ̀ ní Tema.

“Síkírá,” mo wí, “ológbò ló sọnù.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “O ti rí i.”

“Ìwọ obìnrin yìí! O fi ẹnu ara rẹ gba ara rẹ sílẹ̀, o ò sì sọ fún mi láti ọjọ́ yìí!”

“Èmi kẹ̀? Níbo ni mo ti fẹ́ rí irú àyà yẹn?” Ẹ̀rín rẹ̀ ti lọ. “Ológbò ni mo fẹ́ sọ. Mo ti la ẹnu. Màámi ló já mi léèékánná nítan. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé, ‘Bàbá ọmọ yẹn ni kò fẹ́ kó lọ sí ilé-ìwé mọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?’ Mo wojú rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n. Bàbá lórí bẹ́ńṣì ló ń wò.”

Mo rántí ohùn ẹ̀rọ tí Màámi ní kí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Mo rántí Àǹtí Korkor tó ń bi í pé ta ló ní ká má wo TV. Obìnrin tí mo bínú sí pé ó jókòó lásán!

“Mo bi í lẹ́yìn ìgbà náà pé kí ló dé tí kò kàn sọ fún Bàbá,” Síkírá wí. “Ó ní a kì í na àgbàlagbà níta, à ń jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ na ara rẹ̀ ni. Ó tún wá sọ nǹkan kan nípa ìyá rẹ.”

“Kí ló sọ?”

“Ó ní, ‘Nígbà tí wọ́n fi irun ọmọ mi sílẹ̀ kó hù, mi ò rí ẹnu sọ ọ́. Kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lójú mi.’”

Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ lánàá nìyẹn. Mo ń ro ìyá mi níwájú agbada kelewele, tí ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn mí pé kò sí ẹni tó tan tẹlifíṣọ̀n fún òun. Inú mi sì tún dùn, ẹ̀yin ọmọ, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sùn.

Ó yá, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ wò ó. Ẹ sún mọ́ra. Kúdí, gbé e síbi tí gbogbo wọn ti máa rí i, kí o sì pa ohùn rẹ̀. Pa á pátápátá. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù mí lọ, ẹ gbàgbé ìyẹn. Ẹ kọjú sí mi. Ẹ rí ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ lẹ́bàá òkun yẹn, tó gbé ìwé dání? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyẹn, ọmọ ilé wa ni. Ó ti wọlé. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màámi.